Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Tọwọ́ Bọmi

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ ojú irin àwọn olówó, tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun síwájú rẹ̀, tí wọ́n to oúnjẹ oríṣiríṣi kalẹ̀ dè é, tí òun wá kẹ̀yìn sí gbogbo rẹ̀, tó ń wa ìrẹsì tútù jẹ nínú abọ́ irin tó gbé wá láti ilé, ẹ má wulẹ̀ bèèrè orúkọ rẹ̀. Sambandam ni, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi Sivakami, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ni mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí mò ń jẹ tèmi, tí mo sì tún ń jẹ èyí tó yẹ kó jẹ́ tirẹ̀. Ojú kì í ti mí nídìí oúnjẹ.

Kì í ṣe pé inú ń run ún. Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ló wà ńbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá wà nílẹ̀, bàbá ọmọbìnrin kì í jẹ ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ bá a dána títí yóò fi gbà fún wọn. Ó lè mu kọfí. Ó lè jẹ ìpápánu. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá tọwọ́ bọmi, tó sì fi kan ìrẹsì wọn, ó ti fọmọ fún wọn nìyẹn, kò sì sí ẹjọ́ tó lè yí i padà. Chelladurai, kúùkù àgbà inú ọkọ̀ ojú irin náà, ló fẹ́ fẹ́ Vedavalli ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo oúnjẹ tí wọ́n ń gbé kiri nínú ọkọ̀ náà, ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń wá. Ṣé ó ti yé yín wàyí?

Iṣẹ́ atọ́nisọ́nà ni Veda ń ṣe níbẹ̀. Tí wọ́n bá dé Mysuru, tí wọ́n bá dé Hampi tàbí Mamallapuram, òun ló ń kó àwọn àlejò sọ̀ kalẹ̀, tí yóò máa ròyìn ọba tó kọ́ ààfin àti ọba tó wó o fún wọn. Kékeré ló wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Èmi tí ọkọ mi lọ láìfi ọmọ sílẹ̀ fún mi, èmi ni mo kó wá bá ẹ̀gbọ́n mi láti bá a tọ́ ọ. Attai ló ń pè mí, bí a ṣe ń pe àbúrò bàbá ẹni lóbìnrin. Nítorí náà, tí mo bá pè é ní ọmọ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni má bá mi jà.

Hampi ni òun àti kúùkù náà ti kọ́kọ́ bára wọn sọ̀rọ̀. Àárín àpáta ni Hampi wà, oòrùn ibẹ̀ kì í sì í bá èèyàn ṣeré. Veda ti ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀, ohùn rẹ̀ ti há. Ó ní ṣàdédé lòun rí ọkùnrin gíga kan tó wọ aṣọ funfun àwọn kúùkù, tó ń ti àárín òkúta bọ̀, tó gbé fúláàsì dání.

"Ẹ mu ún, Tíṣà," ni ọkùnrin náà wí. "Ata ilẹ̀ gbígbẹ àti ṣúgà ọ̀pẹ ni mo sè pọ̀."

"Ta ló rán ẹ?"

"Ohùn yín ni. Mo gbọ́ ọ láti ìdí bọ́ọ̀sì, ó ń han bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo."

"Ìlẹ̀kùn? Èmi lò ń pè ní ìlẹ̀kùn?"

"Ẹ má bínú. Kì í ṣe gbogbo ìlẹ̀kùn lèèyàn ń gbé epo tọ̀ lọ nínú irú oòrùn yìí."

Ẹ gbọ́ ẹnu kúùkù! Veda ní inú bí òun. Àmọ́ ó mu ún tán, kò sì dá fúláàsì náà padà lọ́jọ́ yẹn, kó lè rí ìdí tí yóò fi lọ sí ilé ìdáná lọ́jọ́ kejì. Ẹni tí inú ń bí kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tóóró kan wà nínú ọkọ̀ náà láàárín ilé ìdáná àti yàrá ìjẹun. Tí èèyàn méjì bá pàdé ńbẹ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ tì kí èkejì tó kọjá. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé níbẹ̀ ju bí iṣẹ́ ṣe gbà lọ. Chelladurai á ti bá a pa èèpá ìrẹsì ìdí ìkòkò mọ́, nítorí ó mọ̀ pé ìyẹn ni Veda fẹ́ràn. Á ní, "Tíṣà, ọba wo lẹ pa lónìí?" Òun náà á fèsì pé, "Ìwọ ńkọ́, adìẹ mélòó lo pa?" Gbogbo ìfẹ́ wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà pípẹ́. Kò fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀ rí.

Nígbà tí òjò dé, ọkọ̀ náà kì í rìn. Chelladurai lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní abúlé kan lẹ́bàá Madurai, Veda sì padà sílé wa ní Bengaluru. Mo wá ń rí ọmọ mi tó ń lọ ata ilẹ̀ gbígbẹ láràárọ̀, tó ń sè é pẹ̀lú ṣúgà ọ̀pẹ, tí á wá gbé ife dání lẹ́nu fèrèsé tí kò ní mu ún.

"Ọ̀fun ta ló ń dùn nílé yìí?" ni mo bi í.

"Kò séyìí tó ń dùn, Attai."

"Kí wá ni gbogbo èyí? Ṣé òjò lò ń sè é fún ni?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo fa ìjókòó sún mọ́ ọn, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. "Ṣé mi ò gọ̀ báyìí, Attai? Èmi tí mo kàwé tó báyìí, ọ̀rọ̀ èèpá ìrẹsì ló wá ń pa mí lẹ́kún. Bóyá kò tiẹ̀ rántí mi mọ́ níbi tó wà."

"Ṣé ó máa ń pè ẹ́?"

"Lójoojúmọ́."

"Tó bá ń pè ẹ́ lójoojúmọ́, báwo ló ṣe gbàgbé ẹ, ìwọ ọmọ yìí? Nu ojú ẹ. Ní kó wá rí bàbá ẹ."

Ó wá lóòótọ́, òun àti àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin. Wọ́n gbé àgbọn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ̀gbọ́n mi gbà wọ́n lálejò dáadáa, mo bu kọfí fún wọn. Àbúrò ìyá rẹ̀ ń ka ìwà ọmọ náà fún wa, pé kì í mu ọtí, kì í mu sìgá, kì í pariwo mọ́ ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Chelladurai.

"Ìgbà wo lo máa ń wà nílé nínú ọdún?"

"Ìgbà òjò, sà."

"Ìgbà òjò nìkan?" Ẹ̀gbọ́n mi gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Ṣé o mọ iṣẹ́ tí èmi náà ṣe?"

"Mo mọ̀, sà. Ọ̀gá téṣàn ni yín. Rélùwéè ló ń bọ́ gbogbo wa."

"Ohun tó bà á jẹ́ gan-an nìyẹn. Ọjọ́ tí ìyá Veda ń kú lọ ní ọsibítù ní Mayiladuthurai, wọ́n pè mí lórí fóònù téṣàn. Ọkọ̀ kan ń bọ̀ lápá ọ̀tún, òmíràn ń bọ̀ lápá òsì, èmi nìkan ni mo wà ńbẹ̀. Mo dúró de ẹni tó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí mo fi débẹ̀, wọ́n ti da aṣọ bò ó lójú. Ọmọ mi yìí wò mí títí, ó wá bi àbúrò mi pé, 'Ta nìyẹn?'" Ó ti ife kọfí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mi ò ní fọmọ fún ẹni tí ilé ẹ̀ ń yí lórí irin. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí i pé mo tọwọ́ bọmi láti jẹ oúnjẹ ẹ̀, ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ sọ pé mo ti fún un."

Mo rò pé ọmọkùnrin náà yóò jiyàn. Kò jiyàn. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Mo ti gbọ́, sà. Mi ò bínú." Ìyẹn gan-an ló bí èmi nínú.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú dókítà eyín kan wá fún wa, Kumaraguru, ará Thanjavur. Ó nílé, kì í kúrò nílùú, ìyá rẹ̀ Thaiyalnayaki kò sì ní ọmọ mìíràn. Wọ́n ti wá wo Veda nígbà kan. Mo ṣàkíyèsí pé eyín rẹ̀ ni ọkùnrin náà ń wò ju ojú rẹ̀ lọ. Èèyàn dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní nígbà tí ọkọ̀ ojú irin náà bá dé Thanjavur ní ìparí sáà, tí wọ́n máa ń gba ẹbí òṣìṣẹ́ láàyè láti wọ̀ ọ́ láìsanwó, òun yóò bá a lọ, òun yóò sì lọ jẹun ọ̀sán nílé Thaiyalnayaki. Ẹ mọ ìtumọ̀ ìyẹn.

"Kọ̀ fún un!" ni mo sọ fún Veda nínú ilé ìdáná wa. "Ẹnu ẹ kú ni?"

"Mi ò lè bá Appa jà," ló wí. Appa ni bàbá rẹ̀. "Attai, ẹ ò rántí ni? Òun ló lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń di irun nítorí mi. Á fi òdòdó jásímínì sí i, gbogbo ẹ̀ á wọ́, àwọn ọmọ ilé ìwé á fi mí rẹ́rìn-ín, mi ò sì jẹ́ kó tú u. Tó bá jẹun nílé wọn, màá fẹ́ dókítà. Mo ti ṣèlérí fún un."

Mo bá padà sídìí ìkòkò mi.

Bí a ṣe di ẹrù wa nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n se ìrẹsì alájàgbọn, èyí tí kì í tètè bàjẹ́, kí n dì í pọ̀ tó títí dé Thanjavur. Ní téṣàn Bengaluru wọ́n fi òdòdó bọ̀ wá lọ́rùn, wọ́n fi nǹkan pupa sí wa níwájú orí, ọkùnrin kan tó wé láwàní ń tẹrí ba fún ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni ń kí ọba. Inú yàrá tí wọ́n fún wa, ibùsùn náà rọ̀ débi pé mo ń bẹ̀rù láti jókòó lé e. Ẹ̀gbọ́n mi kò rí ìkankan nínú rẹ̀. Aago ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Gbogbo téṣàn tí a bá dé, á ní, "Ó ti pẹ́," pẹ̀lú ìdùnnú.

Nígbà tí a dé Hampi, ó kọ̀ láti fi báàgì oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ń bẹ̀rù pé kí kúùkù má lọ fi tirẹ̀ kún un. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀bọ pọ̀ níbẹ̀ o." Ó ní òun ti rí ọ̀bọ rí. Veda ṣì ń sọ ìtàn òkúta kan lọ́wọ́ fún àwọn òyìnbó nígbà tí ọ̀bọ kan bọ́ sílẹ̀ láti orí òrùlé tẹ́ńpìlì, ó já báàgì náà gbà, ó gun òkè lọ, ó sì jókòó, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wa ìrẹsì wa jẹ lójú gbogbo wa. Àwọn òyìnbó ń ya fọ́tò.

"Ó mà ṣe o," ni mo wí. "Ọ̀bọ ti tọwọ́ bọ ìrẹsì wa. Òun la máa fún lọ́mọ báyìí."

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ̀rín ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi tán lẹ́nu mi. Àgbà ni ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti omi àgbọn ló kù tó ń jẹ. Tó bá dìde, á fọwọ́ ti ògiri. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ á kan ilẹ̀kùn, òórùn ọbẹ̀ á wọlé, á sì kọjú sí fèrèsé. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo ní ṣé kí n wá di opó tí kò tún ní ẹ̀gbọ́n ni. Ó ní, "Sivakami, mo ti sọ̀rọ̀."

Mo bá dìde, mo lọ bá Chelladurai ní ilé ìdáná. Ó ń ro ìkòkò ọbẹ̀ kan tó tóbi.

"Durai, gbọ́," ni mo wí fún un jẹ́jẹ́. "Fi ìrẹsì lílọ̀ se ìdílì funfun díẹ̀, fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e bí àwọn tó ń tà ní téṣàn ṣe ń wé e. Màá ní orí pèpéle ni mo ti rà á. Tó bá ti jẹ ẹ́ tán, a óò wá sọ fún un. Ọwọ́ ti bọmi nìyẹn, ó tán."

Kò dáwọ́ ọbẹ̀ rírò dúró. "Attai, mo mọ̀ pé nítorí ẹ fẹ́ràn mi lẹ ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe é."

"Ṣé o fẹ́ kí ebi pa á kú ni?"

"Rárá o."

"Àbí o ò fẹ́ ọmọ náà mọ́?"

Ìgbà yẹn ló tó yíjú sí mi. Ojú rẹ̀ pọ́n, kò sì sí àlùbọ́sà kankan nítòsí. "Mo fẹ́ ẹ débi pé oorun mi ti dín kù. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní jí i gbé. Tí Bàbá bá máa jẹ oúnjẹ mi, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé oúnjẹ mi ni wọ́n ń jẹ."

Mo pè é ní òmùgọ̀, mo sì bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ dúró ní Guntakal, ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá wa, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó na àkàrà gbígbóná tí wọ́n wé sínú ewé sí mi. "Orí pèpéle ni mo ti rà á," ló sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Mi ò fọwọ́ kan inú ẹ̀. Ẹ lè búra fún wọn."

Ẹ̀gbọ́n mi tú ewé náà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. "Ó dá ẹ lójú pé kì í ṣe tiẹ̀?"

"Mo búra."

Ó bù ú jẹ, ojú rẹ̀ sì rọ̀. "Ti Guntakal ni. Mo mọ ata wọn." Ó tún bù ú jẹ. "Ta ló rà á?"

"Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan ni." Irọ́ kọ́ nìyẹn.

Láti ìgbà náà, kò sí ibi tí ọkọ̀ dúró sí tí oúnjẹ pèpéle kò dé yàrá wa. Agbára ẹ̀gbọ́n mi ń padà bọ̀, ó tún ń ráhùn nípa aago. Èmi ni ọkàn mi kò balẹ̀. Bó ṣe ń jẹun tó yìí, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa fi rìn dé ilé Thaiyalnayaki.

Ohun tí Veda náà rò nìyẹn. Ní Mamallapuram, nígbà tí àwọn àlejò ń wo òkun, ó pe Chelladurai sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo bá wọn lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rí nǹkan sọ, mo sì jókòó síbi tí mo ti lè gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"O ń bọ́ bàbá mi kó lè lókun débi tó ti máa fi mí fún ẹlòmíràn," ni Veda wí. "Ṣé o ò lè jà fún mi ni?"

"Ta ni kí n bá jà, Tíṣà?"

"Ẹnikẹ́ni! Jà! Pariwo! Gbogbo ayé ló ń rò pé o ò fẹ́ mi tó."

"Ṣé ìwọ náà rò bẹ́ẹ̀?"

Veda kọjú sí omi. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ sárì rẹ̀ kiri.

"Bàbá ẹ ni kí n bá jà?" ni Chelladurai tún wí. "Ẹni tó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń di irun ẹ? Tí mo bá borí wọn, kí lo fẹ́ kí n fi wọ́n ṣe lẹ́yìn náà?"

Ọmọ mi fi etí sárì bojú. Chelladurai dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe. Mo wúkọ́, kì í ṣe nítorí pé wọ́n ṣe nǹkan burúkú, bí kò ṣe pé èmi náà fẹ́ sunkún.

Àárọ̀ ọjọ́ tí a máa dé Thanjavur, ọkọ̀ dúró díẹ̀ ní Mayiladuthurai. Ẹ̀gbọ́n mi dìde láìsọ̀rọ̀, ó lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ń wo apá ibi tí ọsibítù tí ìyá Veda kú sí wà. Mo tẹ̀ lé e, mo sì fi àyè sílẹ̀ fún un. Kò sẹ́ni tó lè bá èèyàn sọ̀rọ̀ nírú ibẹ̀.

Fèrè dún. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí díẹ̀díẹ̀. Ìgbà náà la rí Chelladurai lókèèrè lórí pèpéle, nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó gbá ewé ìdílì kan mọ́ àyà, ó ń sáré bọ̀. Ẹni tó ń tà á ti pẹ́ kó tó dá a lóhùn. Ọkọ̀ ń yára sí i, fìlà kúùkù bọ́ lórí rẹ̀, kò wẹ̀yìn wò.

"Ọmọ yẹn máa kú!" ni mo kígbe.

Ẹ̀gbọ́n mi ti di irin mú lọ́wọ́ kan, ó na èkejì síta. "Fò! Mú ọwọ́ mi! Mo ní kó o fò!" Ohùn tó fi ń darí téṣàn láyé ọjọ́un ló fi pè é. Chelladurai fò, ẹ̀gbọ́n mi gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á wọlé, àwọn méjèèjì sì ṣubú lu ògiri. Ewé náà tú, ìdílì funfun fọ́n ká orí pèpéle lẹ́yìn wa, ajá sì ti ń sáré lọ bá wọn.

"Ṣé orí ẹ pé báyìí?" ni ẹ̀gbọ́n mi ń pariwo. "Ìwọ tó o ní odidi ilé ìdáná, ìdílì téṣàn lo fẹ́ tìtorí ẹ̀ kú?"

"Ẹ má bínú, sà. Oúnjẹ yín ló dànù yẹn."

"Oúnjẹ mi?" Ó wò mí. Mo ń wo òrùlé. Ó tún padà wò ó. "Ìwọ lò ń rà á?"

"Èmi ni, sà. Àmọ́ mi ò sè é, ìkankan nínú ẹ̀ ò ti ọwọ́ mi wá. Ẹ ò tíì tọwọ́ bọmi."

"O mọ ibi tí mò ń lọ jẹun lọ́sàn-án òní?"

"Mo mọ̀, sà."

"Kí ló dé tó o wá ń bọ́ mi?"

"Ebi ń pa yín, sà."

Ẹ̀gbọ́n mi fi ara ti ògiri. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Tí ọmọ mi bá ń rọbí, tí wọ́n pè ẹ́, tó o wà nínú ọkọ̀ yìí lójú ọ̀nà jíjìn, kí lo máa ṣe?"

Mo gbàdúrà pé kó purọ́. Kó ṣáà ní òun yóò ti wà nílé.

"Mi ò lè ṣèlérí pé màá wà nílé, sà," ni Chelladurai wí. "Àmọ́ màá sọ̀ kalẹ̀ níbi yòówù kó jẹ́, màá sì sáré."

Ọkọ̀ ti fi ìlú náà sílẹ̀, oko ìrẹsì ló kù tí à ń wò. "Èmi dúró lọ́jọ́ yẹn," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, kì í ṣe fún wa. Ó kọjá lọ sínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n fún Veda láyè díẹ̀ ní Thanjavur láti bá wa lọ. Ilé Thaiyalnayaki kò jìnnà sí tẹ́ńpìlì ńlá. Wọ́n ti kun ẹnu ọ̀nà lọ́dà funfun, ó lẹ́wà. Wọ́n tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì bu ìrẹsì funfun bí òdòdó sí i, ẹ̀wà, ọbẹ̀ àjàgbọn, ẹ̀fọ́ lóríṣiríṣi, wàrà kíkan, àádùn. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì jẹ nǹkan kan láti alẹ́ àná. Nígbà tó jókòó síwájú ewé náà, inú rẹ̀ kùn débi pé gbogbo wa gbọ́ ọ.

"Ẹ ò ríyẹn!" ni Thaiyalnayaki wí, inú rẹ̀ dùn. "Ebi ti ń pa àna wa. Kumaraguru, bu omi fún wọn."

Dókítà bu omi síwájú rẹ̀. Veda dúró tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Ó di ọwọ́ mi mú, kò sì gbé ojú sókè. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ ọ̀tún sí omi náà. Mo dijú. Tí mo bá máa sọ òtítọ́, mo ṣépè fún un lọ́kàn mi.

Nígbà tí mo la ojú, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún rẹ̀, ó gbẹ.

"Ẹ máa jẹun, bàbá," ni Thaiyalnayaki wí. "Ṣé ó ku nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ ni?"

"Ẹ ṣé gan-an. Mo ti jẹun."

"Ẹ ti jẹun kẹ̀? Níbo?"

"Nílé àna mi."

Ọwọ́ tí Veda fi di tèmi mú le débi pé ó dùn mí. "Àna wo?" ni Thaiyalnayaki wí. "Ta tún ni àna yín tó ju àwa lọ?"

"Ẹ forí jì mí. Ẹ ò ṣẹ̀ mí, ọmọ yín kò sì ní àbùkù. Ṣùgbọ́n mo ti tọwọ́ bọmi níbòmíràn. Kò sí bí mo ṣe lè tún tọwọ́ bọmi níbí."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i, torí èmi náà ìbá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà ló dá ìyá rẹ̀ lẹ́kun. "Amma, ó tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ." Ó sìn wá dé ẹnu ọ̀nà, ó sì kí Veda pé ó dàbọ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ló wò báyìí, kò wo eyín.

Nígbà tí a jáde sínú oòrùn, ẹ̀gbọ́n mi ń sáré níwájú wa bí ọ̀dọ́, ó ń na ọwọ́ sí àwọn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kọjá. Omijé kàn ń dà lójú Veda ni. Ẹ̀gbọ́n mi kò purọ́ rí láti ìgbà tí mo ti dáyé, ọ̀rọ̀ náà kò sì yé èmi àti Veda.

"Appa," ló wá wí nígbẹ̀yìn, "ìgbà wo lẹ jẹun? Ìdílì yẹn ṣáà dànù."

"Ta ló jẹun?" Kẹ̀kẹ́ kan dúró, ó ti èmi wọlé, ó ti ọmọ rẹ̀ wọlé, òun náà sì wọlé tẹ̀ lé wa. "Ebi ń pa mí kú lọ. Sún mọ́bẹ̀, ká tètè dé téṣàn kí ọkọ ẹ tó paná."